Iyanrìn Ihò Kọkànlá

Ṣììrì, ṣììrì, ṣììrì. Bí ẹ̀rọ ìgékoríko ṣe máa ń dún nìyẹn láyé ìgbà náà, nígbà tí ìrì bá ṣì wà lórí pápá gọ́ọ̀fù, tí oòrùn ò tíì là. Kì í ṣe ẹ̀rọ elépo tó ń bú ramúramù tí wọ́n ń lò kiri lónìí. Àfọwọ́tì ni, abẹ mẹ́fà tó yí ọ̀pá irin kan po, tí èèyàn ń tì lọ níwájú bí ẹni ti ọmọlanke. Ọkùnrin tó ń tì í rò pé òun nìkan ló ń gbọ́ ariwo òun. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé ọmọbìnrin kan wà nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ihò kẹjọ, tó jẹ́ pé ìró yẹn ló ń jí i lójoojúmọ́, tó sì máa ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ó ti dé." Bí ìró náà bá pẹ́ kó tó dún, á máa rò ó pé bóyá ara onítọ̀hún ò yá ni. Bẹ́ẹ̀, kò tíì rí i sójú rí.

Agékoríko ni wọ́n ń pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé àwọn òṣìṣẹ́, ibẹ̀ náà ló jókòó sí, kò jáde. Òun ló ń gé koríko, òun ló ń fi réèkì tẹ́ iyanrìn, òun náà ló ń ṣí ihò nípò padà láràárọ̀, nítorí pé nínú gọ́ọ̀fù, ihò kì í sùn sójú kan pẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá pọ̀ jù lójú kan, koríko ibẹ̀ á kú. Ibi koríko múlọ́múlọ́ tí ihò wà yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní ẹní. Ẹní méjìdínlógún ló wà ní pápá náà, Agékoríko sì mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ìyá ṣe ń mọ orí ọmọ.

Ẹgbẹ́ àdáni kan ló ni pápá, ẹgbẹ́ tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí òfin rẹ̀ sì pọ̀ ju koríko ibẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá de táì kò gbọdọ̀ jókòó nínú yàrá ìjẹun. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Bí ẹnì kan bá ń múra àtigbá bọ́ọ̀lù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ húkọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí iná bá mú ilé ẹgbẹ́, àfi kí àwọn panápaná kọ́kọ́ lọ de táì. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ràn nínú gbogbo rẹ̀: Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá jẹ́ Ọjọ́ Òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, òṣìṣẹ́ kan á bá ọmọ ẹgbẹ́ kan gbá ihò méjèèjìdínlógún, ẹni tí iye ìgbà tó lu bọ́ọ̀lù bá kéré jù ló borí. Òṣìṣẹ́ tó bá borí, wọ́n á fi ọ̀dà wúrà kọ orúkọ rẹ̀ sára pákó kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Pákó náà ti wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún. Kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀.

Oògùn ló mú Agékoríko àti ọmọbìnrin náà pàdé. Kì í ṣe oògùn ìfẹ́ o, oògùn kòkòrò ni. Wọ́n kó irú kan dé tí wọ́n ní kó máa fọ́n sórí ẹní, ó sì bó o lọ́wọ́ méjèèjì. Nílé ìwòsàn, ó tò sídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn fèrèsé ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan ka oògùn lórí àwo, méjì-méjì. Ó kà á tán, ó dà á pọ̀ padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Agékoríko bi í bóyá ẹ̀ẹ̀kan ò tó ni.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni tọwọ́," ni ọmọbìnrin náà fèsì láì gbójú sókè, "ẹ̀ẹ̀kejì ni tọkàn."

Ìgbà tó ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò ló rí ibi iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwé. Ó wá gbójú sókè.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń ti ẹ̀rọ yẹn láàárọ̀?"

"Èmi ni. Ṣé kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sùn ni?"

"Ó ń jí mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò sọ pé mò ń bínú." Ó na ìgò sí i. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kẹ́ ẹ sì máa wọ ìbọ̀wọ́."

Ọwọ́ san láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àmọ́ ẹlẹ́sẹ̀ ò yé wá. Tó bá dé lónìí, á ní òun fẹ́ béèrè bóyá kóun ṣì máa wọ ìbọ̀wọ́. Tó bá dé lọ́la, á ní ìgò lòun wá dá padà. Nígbà tó pẹ́, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwọn apòògùn ibẹ̀ ní àìsàn ọkùnrin yìí ò sí nínú ìwé tí àwọn kà, kí ọmọbìnrin náà kúkú sìn ín jáde, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà.

Báyìí ni Apòògùn àti Agékoríko ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi rìn ín, láti ilé ìwòsàn, gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà pápá, títí dé igun tí wọ́n ti ń rí òrùlé ilé bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí. Agékoríko gbọ́ pé ìyá ọmọbìnrin náà ti kú nígbà tó wà níléèwé, pé bàbá ò fẹ́ ìyàwó mìíràn, pé ọmọ ló ń tọ́jú ilé. Apòògùn náà gbọ́ pé bí òjò bá ń rọ̀, Agékoríko kì í lè jókòó sójú kan, nítorí á máa rò ó bí àgbàrá ṣe ń wọ́ iyanrìn òun lọ. Nígbà tí ọjọ́ ìbí Apòògùn kò, ọkùnrin náà wá nǹkan tó lè fún un, kò rí èyí tó jọ ọ́ lójú. Ló bá gbé ihò kẹjọ lọ sí igun ẹní, níbi tó ga jù, kí àsíá tí wọ́n fi ń mọ ihò lè máa fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú fèrèsé ọmọbìnrin náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló ráhùn. Bí wọ́n bá lù ú gòkè, á yí gbirigbiri padà wá bá wọn. Bàbá Apòògùn fúnra rẹ̀ lù ú lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó sì kọ ìwé sí olórí òṣìṣẹ́ pé ta ni wèrè tó gbé ihò sórí òkè. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Bàbá yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Awọnlẹ̀ ni, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọgbọ̀n ọdún tó fi wọn ilẹ̀ onílẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Bí ẹ bá bi í bóyá ilé ìfìwéránṣẹ́ jìnnà, kò ní sọ pé ó jìnnà tàbí kò jìnnà. Á ní ẹgbẹ̀ta ìṣísẹ̀ ó lé mẹ́rin ni, bí ẹ bá gba ẹ̀yìn iléèwé. Kì í pariwo, kì í sì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ẹni tó gbà láti ṣe alárinà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Alásíá. Òun ló ń rán àsíá àwọn ihò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Agékoríko ló máa ń kó èyí tó bá ya lọ fún un, Ìyá Alásíá sì ti kíyè sí i pé àsíá kẹjọ ló ń ya jù. Ó bi í pé ìjì wo ló ń jà ní ihò kẹjọ tí kì í jà níbòmíràn. Agékoríko dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé nítorí ọmọ àbúrò rẹ̀ ni.

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni màmá náà lọ bá àbúrò rẹ̀. Ó sọ fún un pé ọmọ wọn ti rí ọkọ, ó sì sọ ẹni tó jẹ́.

"Mi ò ní nǹkan kan sí iṣẹ́ rẹ̀," ni bàbá wí. "Kò sẹ́ni tó ń tọ́jú pápá bíi tirẹ̀. Àmọ́ mi ò mọ̀ ọ́n. Láti ọdún mẹ́fà, àtàrí rẹ̀ tó ń tẹ̀ fún mi ni mo mọ̀. Ẹni tó ń tẹríba fúnni, kò ṣeé rí lójú."

"Kí lo wá fẹ́ kó ṣe? Kó wá bú ẹ?"

"Kó wá bá mi gbá lỌ́jọ́ Òṣìṣẹ́. Wákàtí mẹ́rin ni ihò méjìdínlógún. Kò sẹ́ni tó lè fara pa mọ́ fún wákàtí mẹ́rin. Bó nà mí, bí mo nà án, ìyẹn kọ́. Mo kàn fẹ́ rí i ni. Tí mo bá ti rí i, màá sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Ìyá Alásíá ru ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn olólùfẹ́ méjèèjì bó ṣe gbọ́ ọ. Ó fi tirẹ̀ kún un pé kí Agékoríko lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò rẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Àárọ̀ tutù, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Akọ̀wé ẹgbẹ́ de táì bí ẹni ń lọ sí kọ́ọ̀tù. Ọ̀pá ìgbábọ́ọ̀lù mẹ́fà tí Agékoríko ní, àwọn èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ ti ṣẹ́ tí wọ́n sọ nù ni, tó fi okùn wé. Apòògùn ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú káàdì àti pẹ́ńsùlù, nítorí àṣà ọjọ́ náà ni pé ará ilé ọmọ ẹgbẹ́ ló ń kọ iye tí oníkálukú bá lù. Gọ́ọ̀fù kò ní rẹfirí. Ẹni tó gbá ló ń pe iye tirẹ̀, ohun tó bá pè ni wọ́n á kọ. Tí wọ́n bá parí, òun á tọwọ́ bọ káàdì, ẹni tó kọ ọ́ náà á tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé òótọ́ ni.

Wọ́n gbá á lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bàbá ń lù ú tààrà, bí ẹni na okùn ìwọnlẹ̀. Agékoríko kò lágbára tó o, àmọ́ bó bá ti dé orí ẹní, ó mọ ibi tí koríko dojú kọ, ó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò yà sí. Ní ihò kẹsàn-án, bàbá ní, "O mọ ilé ẹ." Ó dáhùn pé, "Ilé yín ni, sà. Èmi ni mò ń gbálẹ̀." Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbá ihò kẹwàá tán, bàbá fi méjì péré ṣíwájú rẹ̀.

Ihò kọkànlá ni iyanrìn ti pọ̀ jù. Bọ́ọ̀lù bàbá yà bàrá wọ inú koríko gíga lẹ́yìn òkìtì kan, ó sì lọ ń wá a. Ti Agékoríko bọ́ sínú kòtò iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ó sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó kọjá ṣáájú wọn ti fi bàtà tẹ iyanrìn náà jágajàga, kò sì tún un ṣe kó tó lọ. Ojú ẹsẹ̀ náà wà níwájú bọ́ọ̀lù gan-an, láti ibẹ̀ dé etí kòtò. Ohun tó wá sọ́kàn Agékoríko ò ju pé ta ni ọ̀bùn yìí lọ. Réèkì wà nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mú un. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹta, iyanrìn tẹ́ pẹrẹsẹ, bó ṣe ń tẹ́ ẹ láràárọ̀ láti ọdún mẹ́fà. Ó gbé réèkì sílẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó lu bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù yí gba orí iyanrìn títẹ́ náà, ó gun etí kòtò, ó lọ dúró ní ìṣísẹ̀ kan sí ihò.

Ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń yí lọ ló ti rántí. Bí bọ́ọ̀lù ẹni bá wà nínú iyanrìn, èèyàn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iyanrìn náà, kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan tún un ṣe, kó tó gbá a. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á fi méjì kún iye tirẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ òfin yẹn nínú ẹgbẹ́. Òun gan-an ló máa ń lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri lọ́dọọdún. Ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe nítorí èrú, iṣẹ́ ọwọ́ Agékoríko ló mú un ṣe é.

Ó gbójú sókè. Apòògùn dúró létí kòtò. Ó ti rí i.

Agékoríko lọ ti bọ́ọ̀lù bọ inú ihò. Bàbá náà jáde látinú koríko, ó lu tirẹ̀ dé ihò, ó ní mẹ́fà ni, kí ọmọ òun kọ ọ́. Ó wá yíjú sí Agékoríko.

"Mélòó ni tìẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà ò ju ẹyọ kan lọ. Ó ti la ẹnu láti sọ pé mẹ́fà ni. Ó wo ojú bàbá, ó ro ihò méje tó kù, ó sì gbọ́ tí ẹnu òun sọ pé, "Mẹ́rin, sà."

Pẹ́ńsùlù ò lọ.

"Kọ ọ́, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Mẹ́rin. Ó gbá a dáadáa."

Ó kọ ọ́.

Ihò méje ló ṣì wà níwájú, ihò méje tí èèyàn lè dúró níbẹ̀ kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣì í pè." Ní ìkejìlá, ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé kí àwọn kọ́kọ́ gun òkè tó wà níbẹ̀. Ní ìkẹtàlá, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, bí òun ṣe máa ń wọn ọ̀nà láti ibi iṣẹ́ délé kóun lè mọ iye ìṣísẹ̀ tó kù kóun rí i. Ta ló máa já lu ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún, bàbá bi í bóyá ó mọ̀ pé ọmọ òun máa ń kanra tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó ní, "Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń jí i, sà, kò tíì bú mi." Bàbá rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín tó ti inú wá, tí àwọn tó wà ní ihò tó tẹ̀ lé e fi yíjú wò wọ́n. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, ọ̀rọ̀ náà wọ ikùn Agékoríko lọ, kò gòkè mọ́. Apòògùn ò sọ ju iye tó ń kọ lọ títí wọ́n fi parí.

Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni ti Agékoríko. Márùndínláàádọ́rùn-ún ni ti akọ̀wé ẹgbẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti pé jọ sẹ́yìn okùn: alásè, awakọ̀, afọṣọ, ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Nígbà tí wọ́n ka iye náà sétí wọn, alásè gbé Agékoríko sọ́rùn, ó ń sunkún bí ẹni pé òun ni wọ́n fún níyàwó. Wọ́n ti lọ gbé ọ̀dà wúrà dé kí wọ́n tó tọwọ́ bọ káàdì. Agékoríko tọwọ́ bọ̀ ọ́. Apòògùn mú pẹ́ńsùlù dání, ó ń wo káàdì bí ẹni ń ka oògùn lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá rẹ̀ rán an létí pé àwọn èèyàn ń dúró dè é. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ bọ ọkùnrin náà lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. "O nà mí, o ò sì fi ṣe fáàrí," ló wí. "Mo ti rí ẹ. Kó o mú àwọn èèyàn ẹ wá kí mi ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Agékoríko lọ dúró de Apòògùn lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn. Ó jáde wá, ó jókòó, ó fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ láàárín wọn.

"O rí i," ni Agékoríko wí.

"Mo rí i."

Ó ṣàlàyé. Ó ní òun ò mọ̀ọ́mọ̀, pé ọwọ́ ló ṣe é, ọkàn ò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà fetí sí i títí ó fi tán.

"Mo gbà pé ọwọ́ ló mú réèkì," ló wí. "Mẹ́rin tó o pè ńkọ́? Ṣé ọwọ́ ló sọ ìyẹn náà?"

Ọmọbìnrin náà ò dúró gbọ́ èsì.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń ka nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kí irọ́ má bàa tọwọ́ mi jáde. O mú mi tọwọ́ bọ irọ́, níwájú bàbá mi. Lọ sọ fún un. Mo máa dúró tì ẹ́."

Agékoríko ní wọ́n ti kọ orúkọ òun sára pákó. Ó ní ọdún mọ́kànlélógún ni àwọn èèyàn òun ti ń retí ẹ̀. Ó ní bóyá wọ́n á lé òun lẹ́nu iṣẹ́, bóyá bàbá rẹ̀ ò ní fẹ́ rí òun sójú mọ́. Bó ṣe ń kà á sílẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ń dáhùn pé òun mọ̀, òun mọ ìyẹn náà.

"Èmi ò ní sọ fún un," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹnu ẹ ló ti jáde, ẹnu ẹ ló máa kó o. Àmọ́ mi ò lè gba ẹnu ọ̀nà tí káàdì yẹn ṣí wọlé ọkọ."

Agékoríko ṣèlérí pé tó bá di Sọ́ńdè, òun á sọ ọ́.

Sọ́ńdè dé. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jókòó ní pálọ̀ bàbá. Kó tó la ẹnu, bàbá ti mú bébà, ó ti ń yàwòrán ihò kọkànlá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ibi tí kòtò wà, ìṣísẹ̀ mélòó ló jẹ́ sí ihò, bí àbúrò rẹ̀ ṣe yọ bọ́ọ̀lù jáde níbi tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ń lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n ń mi orí, orí rẹ̀ ń wú. Apòògùn gbé tíì wọlé, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Agékoríko. Agékoríko wo bébà. Ọmọbìnrin náà gbé àwo kalẹ̀, ó wọlé lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ò fẹ́ ẹ mọ́. Bàbá bi í pé kí ló dé, kò sọ. Ìyá Alásíá ló wá ròyìn rẹ̀ fún Agékoríko, ọwọ́ rẹ̀ lórí: pé àbúrò òun tí kì í pariwo ti pariwo, pé ó ní ọmọ òun fojú ọmọlúàbí gbolẹ̀, ó fi òun pẹ̀lú ṣe ẹlẹ́yà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bàbá àti ọmọ ò jọ jẹun. Màmá náà bi Agékoríko pé kí ló ṣe fún un. Ó ní òun ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan péré látẹnu rẹ̀ ló máa bọ́ ẹ̀bi náà lọ́rùn ọmọbìnrin yẹn. Láàárọ̀, á ní òun á sọ ọ́ lálẹ́. Bó bá di alẹ́, á ní ó ti rẹ bàbá. Ó ń ti ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá lábẹ́ fèrèsé tó wà ní títì pa.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kan lókè òkun ń wá ẹni tó mọ koríko fún pápá tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Akọ̀wé ẹgbẹ́, tí àánú Agékoríko ń ṣe, ló kọ ìwé ẹ̀rí fún un. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Olóòótọ́ èèyàn ni, mo fojú ara mi rí i." Ìwé yẹn ni Agékoríko gbé dọ́hùn-ún.

Ó ṣe ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Koríko ibẹ̀ le, omi wọn pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ yọrí. Ó kọ lẹ́tà méje sí Apòògùn. Ẹ̀bẹ̀ ló wà nínú èkíní. Àlàyé ló wà nínú èkejì àti ẹ̀kẹta. Ìyókù jẹ́ ti ìfẹ́, ó sì kọ wọ́n dáadáa, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń bá sọ̀rọ̀. Èsì ò wá. Ó gbà pé ọmọbìnrin náà ti gbàgbé òun. Nígbà mìíràn, ó máa ń bínú sí i, pé nítorí iyanrìn. Á sì tún rántí pé kì í ṣe nítorí iyanrìn, ìbínú á wábi gbà.

Lẹ́tà Ìyá Alásíá dé lọ́jọ́ kan, nígbà tó wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì tó ń pọ́n abẹ. Ó jókòó lórí àpò ajílẹ̀, ó kà á.

"Ọmọ mi," ni màmá náà kọ, "ẹnjiníà kan ti wá tọrọ ọmọ wa. Èèyàn dáadáa ni, àbúrò mi fẹ́ràn rẹ̀. Ìparí oṣù yìí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Mo ní kó sọ fún mi bí ọkàn rẹ̀ bá ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ, kí n mọ bí màá ṣe sọ̀rọ̀. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó kó lẹ́tà rẹ hàn mí, méjèèje, ó ti kà wọ́n gbó. Ó ní wọ́n dára, àmọ́ ẹni tó o kọ wọ́n sí kọ́ ló yẹ kó o kọ̀wé sí. Mi ò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Bí ìwọ bá mọ̀ ọ́n, tètè ṣe é."

Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti mọ̀ ọ́n láti orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn. Ó ká lẹ́tà náà, ó sì jókòó sórí àpò yẹn títí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi wá bi í bóyá inú ń run ún. Ó ro iṣẹ́ tí ìwé ẹ̀rí bàbá gbé fún un. Ó ro alásè tó gbé e sọ́rùn. Ó rò ó pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́wọ́ tán, kí bàbá kọ̀, kí ọmọbìnrin náà sì fẹ́ ẹnjiníà. Kò sí ìlérí kankan nínú ohun tí Ìyá Alásíá kọ. Ó tún un rò, ibì kan náà ló já sí. Bó sọ ọ́, bí kò sọ ọ́, ọmọbìnrin náà lè má fẹ́ ẹ. Àmọ́ bí kò bá sọ ọ́, kò yẹ lẹ́ni tó ń fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí oṣù parí, lẹ́tà ò lè dé láàárín ìyẹn. Bó ṣe wà nínú bàtà iṣẹ́ ló rìn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ní òun fẹ́ tẹ wáyà tó máa dé lọ́jọ́ kejì. Bébà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí nǹkan ṣe rí fún un nígbà náà; ó fà á ya. Ìkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. Ó fà á ya. Ìkẹta ló gbé fún akọ̀wé ibẹ̀. Akọ̀wé náà ò gbọ́ èdè rẹ̀ rárá, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń pè padà fún un, Agékoríko sì ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí wọ́n fi dé òpin. Orúkọ bàbá Apòògùn ló wà lókè rẹ̀, àti àdírẹ́sì ilé tó wà lẹ́bàá ihò kẹjọ. Ohun tó kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ nìyí:

"Bàbá, ní ihò kọkànlá, mo fi réèkì tẹ́ iyanrìn kí n tó gbá bọ́ọ̀lù. Mẹ́fà ni, kì í ṣe mẹ́rin. Ẹ̀yin lẹ nà mí. Ọmọ yín rí i, ó ní kí n wá sọ fún yín, mi ò sọ. Ìdí tó fi kọ̀ mí nìyẹn, kò ṣẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa orúkọ mi rẹ́ lára pákó. Bí ẹ bá gbà kí n wá, màá wá tọrọ ọmọ yín lọ́wọ́ yín, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ẹ nà."